Mo wo Reel Bad Arabs, mo sì rántí Ùsítáàsì wa

Ará Íjíbítì ni Ùsítáàsì tó kọ́ mi ní Nahwu, ìyẹn gírámà èdè Lárúbáwá, nílé kéwú tí mo lọ ní Agége. Bó bá kọ gbólóhùn sójú pátákó, tí ọmọ kan sì kà á já gaara, á pàtẹ́wọ́ fún un títí ojú á fi máa ti ọmọ náà. Tọ́sàn-án bá pọ́n, òun àtàwa la jọ ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn nídìí ìyá ẹlẹ́wà. Òun ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rí Lárúbáwá nínú sinimá. Ìdí nìyẹn tí Reel Bad Arabs, fíìmù tó ń ṣàlàyé bí Hollywood ṣe ń fi Lárúbáwá hàn bí èèyàn burúkú, fi wọ̀ mí lára.

Sut Jhally ló darí rẹ̀ lọ́dún 2006, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jack Shaheen, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ìran Lẹ́bánónì, ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 2001, sinimá tó yẹ̀ wò fún un lé ní 900. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi sinimá ọ̀hún hàn wá: agbésùnmọ̀mí, olówó elépo rọ̀bì tí kò mọ̀ ju obìnrin lọ, obìnrin tí kò níṣẹ́ méjì ju ijó lọ.

Ẹ wo Aladdin ti 1992. Orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọ pé nílẹ̀ Lárúbáwá, wọ́n ń gé etí ẹni tójú rẹ̀ kò bá wù wọ́n. Àwọn Lárúbáwá Amẹ́ríkà fẹ̀hónú hàn, wọ́n sì yọ ìlà náà nínú fídíò tó jáde ní 1993, àmọ́ èyí tó pe ibẹ̀ nílùú ẹhànnà kò kúrò. Àwọn ọmọdé ló ń kọ orin yẹn o!

Èyí tó dùn mí jù ni Father of the Bride Part II. Ọ̀gbẹ́ni Habib, Lárúbáwá inú sinimá náà, ń jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀, mo tún ibẹ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe Lárúbáwá ló ń sọ, ariwo ọ̀fun lásán ni. Èdè tí mo fọdún mẹ́jọ kọ́!

Rules of Engagement, ti 2000, ló mú kí n dá fíìmù dúró. Ọmọbìnrin kékeré kan tó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ní Yẹ́mẹ̀n, àánú rẹ̀ ṣe wá. Nígbà tó yá, wọ́n fi òun náà hàn wá tó ń yìnbọn sáwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà, kí ó lè dà bíi pé pípa táwọn ṣọ́jà náà pa àwọn ará Yẹ́mẹ̀n tọ́. Mo jáde lọ bu omi mu.

Àbùkù Reel Bad Arabs ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ látòkèdélẹ̀. Ì bá wù mí kí òṣèré obìnrin Lárúbáwá kan náà fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fíìmù náà já gaara, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyàwó mi bá a ṣe ń wò ó. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ wá a wò, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ kéékèèké bá yín jókòó, ìbọn ibẹ̀ pọ̀.

Mo ti fi ránṣẹ́ sáwọn tá a jọ kéwú. Ẹni tó kọ́kọ́ fèsì kò tíì sọ nǹkan kan nípa fíìmù náà. Ó ní ta ló ṣì ní nọ́ńbà Ùsítáàsì lọ́wọ́.