Ẹ ṣọ́ra o! Ẹ̀ka tí wọ́n ní ó ti ta gbòǹgbò yẹn, igi lásán ni!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn igi òdòdó bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti lu mí ní jìbìtì, inú sì ń bí mi, ojú tún ń tì mí.

Plumeria ni mo ń wá, èyí táwọn míì ń pè ní frangipani, tí òdòdó rẹ̀ máa ń ta sánsán lálẹ́ yẹn. Ọkùnrin kan gbé fọ́tò jáde, òdòdó búlúù rẹ́súrẹ́sú, ó ní ẹ̀ka tó ti ta gbòǹgbò lòun ń tà, pé kí n kàn gbé e sílẹ̀ kó máa dàgbà lọ, òun á tún fi rooting hormone, oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀ka ta gbòǹgbò, ṣe èènì. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kí mi lálẹ́, "kọ́sítọ́mà mi àtàtà". Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ẹ bá rà á!

Nígbà tó dé, ewé kéékèèké ti ń yọ lórí ẹ. Mo ní tó bá ti yọ ewé, a jẹ́ pé gbòǹgbò wà nísàlẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni! Ẹ̀ka plumeria ní oúnjẹ àti omi nínú ara ẹ̀, ó lè yọ ewé, kódà ó lè yọ òdòdó, kó má ní gbòǹgbò kan ṣoṣo. Ohun tí ọkùnrin yìí fi ń jẹun nìyẹn.

Mo gbin àwọn ẹ̀ka tí mo rà. Ewé rọ. Mo ní bóyá oòrùn ló pọ̀ jù, mo gbé wọn sábẹ́ ibòji, ewé tún rọ sí i, ó wá ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo bá fa ọ̀kan tu. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò tiẹ̀ di ilẹ̀ mú, ìka méjì ni mo fi yọ ọ́! Ìdí ẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, omi kan tó ń rùn ń jáde lára ẹ̀. Mo yọ òmíì, bákan náà. Èyí tó kù wá ní gbòǹgbò, mo ní háà, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo fomi fọ ẹrẹ̀ ara ẹ̀ kúrò. Òwú dúdú ni mo rí. ÒWÚ! Ó fi òwú so gbòǹgbò koríko gbígbẹ mọ́ ìdí igi, ó wá fi amọ̀ bò ó. Ẹnì kan jókòó, ó fara balẹ̀, ó ń wé òwú mọ́ igi kó lè rí owó mi gbà. Òwú o!

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i. Ó ní mo bomi jù. Èmi! Èmi tí mò ń gé hibiscus àti bougainvillea gbìn fúnra mi tí wọ́n ń hù! Ó dáa, bóyá omi yẹn pọ̀ díẹ̀, ṣé omi ló wé òwú mọ́ ọn? Bí mo ṣe bi í báyìí ló blọ́ọ̀kì mi. Ó yẹ kí n ti fura nígbà tí mo ní kó ṣe vídíò tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ló ń dá ara ẹ̀ lẹ́bi, tí olè ń sùn dáadáa?

Búlúù yẹn gan-an, kò sí nínú plumeria. Funfun wà, yẹ́lò wà, píǹkì wà, pupa wà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kun búlúù yẹn. Hormone ńkọ́? Ìyẹ̀fun funfun nínú ọ̀rá kékeré, wọn ò kọ nǹkan kan sára ẹ̀. Ojúlówó, wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ èròjà inú ẹ̀ sí i, bíi IBA, pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀, bíi 0.1% tàbí 0.3%. Tèmi yìí, bóyá ẹfun ni, bóyá páúdà ni, Ọlọ́run ló mọ̀.

Kí n yára sọ èyí torí orí ń fọ́ mi: kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fa igi náà tu nínú vídíò, kó fomi fọ ìdí ẹ̀ lójú yín, kẹ́ ẹ rí i pé ara igi gan-an ni gbòǹgbò ti yọ. Tó bá jẹ́ èyí tí kò tíì ní gbòǹgbò lẹ rà, ẹ má gbìn ín lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n gé gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kẹ́ ẹ tó rì í sínú iyanrìn tí omi ò ní dúró sí, ẹ má sì dorí ẹ̀ kodò o. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ wá ra imọ̀ ọ̀pẹ, pé tẹ́ ẹ bá rì í mọ́lẹ̀ á hù, ẹ sá! Èso ni wọ́n fi ń gbin ọ̀pẹ.

Gbájú-ẹ̀ yìí ti tún fi orúkọ míì jáde, fọ́tò kan náà, àwọn èèyàn sì ti ń bi í ní iye. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n bi í nípa òwú, ó ti pa á rẹ́. Ẹnì kan á sọ pé àwọn olóòótọ́ wà láàárín wọn. Níbo? Gbogbo wọn ni mò ń fura sí báyìí. Èmi o, ilé ẹni tó ní igi ni mò ń lọ, kó gé e lójú mi.