Gatorskin fún ọ̀nà Ọbájáná, GP 5000 fún ọjọ́ ìdíje

Òkun o, ẹ̀yin ará mi tó ń gun kẹ̀kẹ́.

Kàbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, kí agogo iléèwé sì tó lù, mo ti gun kẹ̀kẹ́ lọ mo ti bọ̀. Lọ́jọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, ọ̀nà Ọbájáná ni mo máa ń kọjú sí. Tó bá di Sátidé, mo máa ń gba ọ̀nà Ìyàmoyè lọ títí dé ẹnu ààlà Èkìtì. Láàárín ọdún mẹ́ta, táyà oríṣi mẹ́rin ló ti wọ rímù mi. Méjì péré ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún: Gatorskin ti ilé iṣẹ́ Continental tí mo fi ń gbáradì, àti Grand Prix 5000 (GP 5000) tiwọn tí mo máa ń tọ́jú di ọjọ́ ìdíje.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀nà ló ń yan táyà fúnni. Kọnkéré ni Dangote fi ṣe ọ̀nà Ọbájáná sí Kàbà, ó lé ní kìlómítà 40, ó sì tẹ́ rẹrẹ. Ẹsẹ̀ èèyàn á kàn máa lọ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tírélà sìmẹ́ǹtì ni. Tí táyà tírélà bá bẹ́, àwẹ́ rọ́bà rẹ̀ á fọ́n ká sí etí títì, etí títì ọ̀hún sì ni àwa oníkẹ̀kẹ́ ń rìn. Wáyà irin tín-ín-rín wà nínú rọ́bà yẹn, kò nípọn ju irun ìrù ẹṣin lọ. Ojú kì í rí i lórí kọnkéré. Á kọ́kọ́ gún táyà níwọ̀nba, bí táyà bá sì ṣe ń yí ni á máa wọlé sí i. Ìgbà tó bá fi máa kan tíúbù, o ti dé ibi tí kò sí ilé, tí kò sí ọjà.

Nínú ọyẹ́ ọdún tó kọjá, táyà ẹ̀yìn mi jò lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan. Táyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni mo ń lò nígbà náà. Mo pààrọ̀ tíúbù, ó tún jò. Mo lẹ tíúbù àkọ́kọ́, òun náà jò. Mo ti fọwọ́ pa inú táyà yẹn yípo láìmọye ìgbà, ọwọ́ mi ò ba nǹkan kan. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo jókòó sórí koríko, mo fa òwú díẹ̀ yọ nínú èyí tí mo fi ń nu ọgbẹ́, mo fi í wọ́ inú táyà díẹ̀díẹ̀. Ó dé ibì kan, òwú náà kọ́. Mo tẹ ibẹ̀ síta, mo gbé e sí oòrùn, orí wáyà kan ń dán, kò tó orí abẹ́rẹ́. Eyín ni mo fi fà á yọ. Láti ọjọ́ náà, òwú ò kúrò nínú àpò abẹ́ ìjókòó mi.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo ra Gatorskin, 700x25 (25 yẹn ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà). Mo ti fi rin bíi 4,000 kìlómítà báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì jò. Continental fi aṣọ líle kan sí abẹ́ ojú táyà náà, wọ́n sì tún fi òmíràn bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì fún ọ̀nà Ìyàmoyè níbi tí etí ọ̀dà ti jẹ, tí òkúta sì mú bí ọ̀bẹ. Mi ò ní fi àléébù rẹ̀ pa mọ́ fún yín. Ó le. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ sí rímù, àtàǹpàkò mi méjèèjì bó. Tí òjò bá sì rọ̀, kì í di ọ̀nà mú dáadáa. Mo máa ń rọra sọ̀kalẹ̀ nínú kọ́nà, mi ò sì ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan jù. Tí ẹ bá bọ́ sórí rẹ̀ láti orí táyà ìdíje, ẹ ó mọ̀ lẹ́sẹ̀ yín pé ẹ ń ṣiṣẹ́.

GP 5000 yàtọ̀ pátápátá. Ọdún 2018 ló jáde, ó sì rọ́pò GP 4000. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń hunṣọ ní Bùnú á tètè yé: aṣọ tí a fi òwú tín-ín-rín hun máa ń rọ̀ ju èyí tí a fi òwú tó nípọn hun. Inú táyà náà aṣọ ló wà. GP 5000 ní òwú 330 nínú íǹṣì kan tí a bá ka ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, Gatorskin ní 180. Èyí tó rọ̀ máa ń tètè tẹ̀ mọ́ ọ̀nà, á sì tètè dìde, kì í jẹ agbára èèyàn. Ihò kékeré méjì wà lójú rẹ̀. Nígbà tí ihò yẹn bá ti parẹ́, táyà ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀! Nígbà tí mo ra tèmi, owó ẹyọ kan ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá lọ. Mi ò lè máa fi ìyẹn tẹ wáyà tírélà lójoojúmọ́. Tí ìdíje bá ku ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa ń wọ̀ ọ́, kí n lè fi gun díẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ẹnì kan ta “GP 5000” kan fún mi lówó pọ́ọ́kú, wọ́n fi wéébìlì ránṣẹ́ láti Èkó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èépá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tó yá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú bí ẹyin àparò. Ọlọ́run ló yọ mí, iwájú ilé mi ló ti bẹ́.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ náà ò kéré. Bàbá fọ́kanáísà tó wà nítòsí wa bínú sí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́: “Tíṣà, imú tíúbù yín ti rí ṣóńṣó jù, rọ́bà mi ò dì í mú.” Òótọ́ ni. Ẹ ra orí onídẹ kékeré tí wọ́n máa ń dè mọ́ imú tíúbù wa, kó lè bá ti mọ́tò mu. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ẹ gan. Nígbà tí mò ń lo táyà 23, páùn 110 ni mo máa ń fẹ́ ẹ sí, eyín mi á sì máa gbá ara wọn lórí gbogbo oríkèé kọnkéré. Lórí 25, èmi tí mo wọn kílò 70 ń lo páùn 85 lẹ́yìn, 80 níwájú. Ara tù mí, mi ò sì falẹ̀ sí i.

Táyà ẹ̀yìn ló máa ń tètè jẹ. Tó bá ti jẹ, mo máa ń dá ti iwájú padà sẹ́yìn, kí tuntun wà níwájú, torí bí ti iwájú bá bẹ́ nínú kọ́nà, kò sí ohun tí ọwọ́ lè ṣe sí i.

Àbúrò mi kan tá a jọ ń gùn ní kí n gbìyànjú 28. Mo ti wọn àlàfo tó wà lábẹ́ bíréèkì mi, ó máa gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ṣẹ́kù púpọ̀. Gatorskin náà ni mo tún béèrè fún. Ó ti dé Lọ́kọ́ja láti àná, mo fẹ́ lọ gbà á ní gáréèjì lọ́jọ́ Sátidé.