Open-Meteo lórí Rainmeter n'Ìbàdàn: àgbéyẹ̀wò fún ẹni tí skin ojú ọjọ́ rẹ̀ ti dákẹ́

Tí skin ojú ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà yín (àpótí kékeré tó ń fi ìròyìn hàn lójú Windows) bá ṣàdédé di òfìfo, tó wá ń fi N/A hàn níbi tó yẹ kí ìwọ̀n ooru wà, Rainmeter, ètò tó ń gbé skin náà ró, kọ́ ló bàjẹ́. Ibi tó ti ń fa ìròyìn ojú ọjọ́ ni wọ́n ti tì pa. Kì í ṣe ohun tuntun. Yahoo yọ àdírẹ́sì tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn ní January 2019. Apple ra Dark Sky ní 2020, nígbà tó di March 2023, wọ́n ti API rẹ̀ (ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń béèrè ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀) pa. Ní 2024, OpenWeather fi One Call 2.5 sílẹ̀, 3.0 tó rọ́pò rẹ̀ sì ń béèrè káàdì báǹkì kódà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní san kọ́bọ̀. Open-Meteo, orísun ìròyìn ojú ọjọ́ mìíràn, ni mo fi dípò lórí Windows tèmi, òun náà ni mo sì máa ní kí ẹ lò.

Kò béèrè API key, kò ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀, kò béèrè káàdì. Ọ̀fẹ́ ni fún ìlò tí kì í ṣe ti òwò, bí ìpè yín kò bá ti kọjá 10,000 lójúmọ́. Skin tó ń pè é ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra kò lè ju 48 lọ lójúmọ́. Bí òwò bá wọ̀ ọ́, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ gbé e sójú ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀ fún àwọn oníbàárà, ẹ ó sanwó.

Àdírẹ́sì tó bá Ìbàdàn mu rèé:

https://api.open-meteo.com/v1/forecast?latitude=7.39&longitude=3.90&current=temperature_2m,relative_humidity_2m,is_day,weather_code,wind_speed_10m&daily=temperature_2m_max,temperature_2m_min,precipitation_probability_max&forecast_days=3&timezone=Africa/Lagos

Ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ browser kí ẹ tó fọwọ́ kan skin rárá. Bí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú { bá jáde, orísun náà ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ohun tó bá kù, ọ̀dọ̀ yín ló wà. Ẹ má yọ timezone kúrò o. Bí kò bá sí níbẹ̀, aago GMT ló máa fi dáhùn: wákàtí kan ló fi wà lẹ́yìn tiwa, "ọjọ́ òní" tiẹ̀ á sì máa bẹ̀rẹ̀ ní aago kan òru. Ẹ má sì béèrè hourly (ìròyìn wákàtí-wákàtí) tí ẹ kò bá ní lò ó, dátà ló kàn ń jẹ.

Lórí skin, ẹ fi máòsì tẹ ọwọ́ ọ̀tún, ẹ mú Edit skin, ẹ wá ìlà URL=. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ wo fáìlì .inc inú fódà @Resources. Measure ni apá skin tó ń gba iye wọlé; RegExp inú rẹ̀ ni àpẹẹrẹ tó ń ṣa iye jáde nínú ìdáhùn. Bí òbí gbogbo measure ṣe yẹ kó rí nìyí:

[MeasureSite]
Measure=WebParser
URL=(àdírẹ́sì òkè yẹn)
UpdateRate=1800
RegExp=(?siU)"current":\{.*"temperature_2m":(.*),"relative_humidity_2m":(.*),"is_day":(.*),"weather_code":(.*),"wind_speed_10m":(.*)\}

Àwọn measure ọmọ á gbé URL=[MeasureSite] pẹ̀lú StringIndex=1 fún ooru, 2 fún ọ̀rinrin, títí dé 5 fún afẹ́fẹ́. UpdateRate kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá fúnra rẹ̀. Iye ìgbà tí skin bá ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun ló ń kà. Bí Update=1000 bá wà lókè fáìlì, 1800 á jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ RegExp yẹn. Nínú ìdáhùn Open-Meteo, "current_units" ló máa ń ṣáájú "current", orúkọ kan náà ló sì wà nínú méjèèjì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti "temperature_2m" nìkan máa rí "°C" mú dípò 27.4, skin á wá kọ °C°C síta. Ìdí nìyẹn tí "current":\{ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Èyí tó tún le jù ú lọ ni àwòrán. Àwọn skin àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún Yahoo tàbí weather.com ní nọ́ńbà tiwọn, nọ́ńbà WMO (àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé) sì ni Open-Meteo ń lò. Lọ́dọ̀ WMO, 0 ni ojú ọ̀run tó mọ́ kedere, 3 ni àwọsánmà tó bo gbogbo rẹ̀, 95 sì ni ààrá. Nínú ti àtijọ́, 0 ni ìjì ààjà, 3 sì ni ìjì ààrá tó le. Ẹ ó tún URL ṣe tán, oòrùn á máa ràn ganrínganrín lórí Òkè Àdó, skin á sì máa ya ìjì ààjà sí yín lójú. Ẹ fi èyí sí measure tó mú weather_code:

RegExpSubstitute=1
Substitute="^0$":"32","^[12]$":"30","^3$":"26","^4[58]$":"20","^5\d$":"9","^6\d$":"12","^8[0-2]$":"11","^9[569]$":"4"

Ẹ má fo RegExpSubstitute. Láìsí i, ẹnikẹ́ni tó bá kọ "0":"32" lásán máa rí i pé 0 tó wà nínú 80 náà yí padà, 832 á jáde, kò sì sí àwòrán kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́, ẹ lo is_day láti fi 31 dípò 32, kí ẹ sì fi 29 dípò 30.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó kọ "Òjò" tàbí "Ọ̀rinrin" pẹ̀lú àmì ohùn, UTF-16 LE ni kí ẹ fi sévù fáìlì náà nínú Notepad. Tó bá jẹ́ UTF-8, àmì á dàrú, ° pàápàá á máa jáde bíi Â°.

Bí nǹkan kan bá ṣì kọ̀, ẹ ṣí About, ẹ lọ sí Log. Fetch error túmọ̀ sí pé íntánẹ́ẹ̀tì tàbí àdírẹ́sì ló ní wàhálà. RegExp matching error (-1) ní tiẹ̀ ń sọ pé ìdáhùn wọlé àmọ́ RegExp kò bá a mu; ẹ fi Debug=2 sí MeasureSite, ẹ ka WebParserDump.txt nínú fódà skin, kí ẹ to RegExp bí ìdáhùn ṣe tò ó. Bí NEPA bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé, kọ̀ǹpútà sábà máa ń jí ṣáájú router. Ìpè àkọ́kọ́ á kùnà, skin á sì wà lófìfo fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. LeftMouseUpAction=[!Refresh] lórí meter kan (apá skin tí ẹ ń fojú rí), kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ti tó láti gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Ṣé ó péye? Mo gbẹ́kẹ̀ lé e lórí ooru àti ọ̀rinrin. Òjò ni kí ẹ fọgbọ́n gbà. Àwòṣe tó bo gbogbo ayé ló ń bá wa ṣiṣẹ́. ICON ti Jámánì, fún àpẹẹrẹ, ń ka ilẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 11 síra. Bódìjà àti Mókọ́lá lè bọ́ sínú ìpín ilẹ̀ kan náà, nítorí náà ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí nọ́ńbà kẹta lẹ́yìn ojú àmì nínú latitude àti longitude. Òjò tó bo gbogbo ìlú ní Oṣù Kẹfà, ó sábà máa ń rí i bọ̀; ìjì ìrọ̀lẹ́ tó máa lu Mọ́níyà tí Challenge kò ní rí ẹ̀kán kan, kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ lo precipitation_probability_max láti pinnu bóyá ẹ ó sá aṣọ, kì í ṣe láti mọ wákàtí tí òjò máa dé. Kì í sì í gbé ìkìlọ̀ NiMet, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba Nàìjíríà. Ẹni tó ń gbé létí Ògùnpa, níbi tí omíyalé ti ṣọṣẹ́ ní 31 August 1980, kò gbọdọ̀ fi skin ṣe olùṣọ́.

Ọyẹ́ ni àléébù kejì. Nínú àwọn nọ́ńbà weather_code tí Open-Meteo ń fún wa, kò sí èyí tó dúró fún eruku. Nígbà tí eruku láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad bá bo ìlú tí ẹ kò rí òkè Mapo mọ́, 0 tàbí 1 ló ṣì máa fi ránṣẹ́, pé ojú ọ̀run mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ní ibòmíràn tó ń sọ ti eruku:

https://air-quality-api.open-meteo.com/v1/air-quality?latitude=7.39&longitude=3.90&current=dust,pm10&timezone=Africa/Lagos

Àdírẹ́sì ọ̀tọ̀ ni, ẹ kò lè kì í bọ inú ti àkọ́kọ́. Ẹ dá measure òbí mìíràn sílẹ̀ fún un. "current_units" tún ṣáájú níbẹ̀, RegExp yẹn náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti "current":\{. UpdateRate=3600 ti tó o, torí wákàtí-wákàtí ni iye rẹ̀ ń yí padà.