Sóyà, óòtì, álímọ́ńdì, àgbọn: èwo ló lè rọ́pò wàrà màlúù fún yín?

Bí ẹ bá dúró síwájú pẹpẹ tí wọ́n to wàrà irúgbìn sí, ìyẹn wàrà tí a fi sóyà, óòtì, álímọ́ńdì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe, àwòrán tó ń dán àti ọ̀rọ̀ dídùn ni ojú yín máa kọ́kọ́ bá. Ẹ yí páálí náà padà. Ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà, níbi tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ iye purotéènì, ṣúgà àti kálísíọ̀mù sí. Èmi kì í ra ọ̀kankan láìka ibẹ̀, nítorí pé páálí méjì tó jọra bí ìbejì lè jìnnà síra wọn bí oúnjẹ ṣe jìnnà sí omi lásán.

Àwọn tó ń rà á ń pọ̀ sí i, ohun tó sì ń lé kálukú débẹ̀ yàtọ̀. Ikùn ló lé ọ̀pọ̀ wá. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn ayé ni ara wọn kì í lè da lactose, ṣúgà inú wàrà, dáadáa mọ́ lẹ́yìn ìgbà èwe. Bí wọ́n bá mu wàrà màlúù, inú á kún, á máa kùn, ìgbẹ́ gbuuru á sì lè tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn kò fẹ́ ohunkóhun tó ti ara ẹran wá, àwọn kan sì ń ro ti ayé tó ń gbóná sí i. Ohun tuntun kọ́ rárá: láti ọdún 1940 ni iléeṣẹ́ Vitasoy ti ń ta wàrà sóyà ní Hong Kong. Wàrà óòtì tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀ lónìí sì ti inú iṣẹ́ onímọ̀ oúnjẹ Rickard Öste àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ní Yunifásítì Lund, ní Sweden, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìṣòro tí ẹ ní. Bó bá jẹ́ pé lactose nìkan ni ikùn yín kọ̀, wàrà màlúù wà tí wọ́n ti fi ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń tú oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, tú lactose inú rẹ̀ ká. Purotéènì àti kálísíọ̀mù rẹ̀ kò dín. Ó lè jẹ́ pé ìyẹn gan-an lẹ ń wá. Bó bá jẹ́ purotéènì inú wàrà ni ara yín kọ̀, tí ara ń wú, tí èémí ń há, wàrà tí a yọ lactose rẹ̀ kò lè gbà yín, wàrà irúgbìn ni kí ẹ lọ bá. Àwọn ọmọ kan sì wà tí ara wọn kọ wàrà màlúù tó tún kọ sóyà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà dá sí i.

Ibi tí wọ́n ti pínyà jù: purotéènì

Ẹ fi ife kan, bíi mílílítà 250, ṣe òṣùwọ̀n. Wàrà màlúù ní nǹkan bíi gíráàmù 8 purotéènì nínú ife yẹn. Sóyà sún mọ́ ọn gan-an, gíráàmù 7 tàbí 8. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀wà pea ṣe náà lè dé 8. Lẹ́yìn àwọn méjì yìí, ilẹ̀ ya. Óòtì sábà máa ń wà láàárín 2 sí 4, álímọ́ńdì kò ju nǹkan bí 1 lọ, ìrẹsì kò sábà tó 1, ti àgbọn kò sì tó ohun à ń kà.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé bí wàrà bá jẹ́ oúnjẹ nílé yín, tí ẹ gbára lé e fún ọmọ tàbí àgbàlagbà tí kò jẹun púpọ̀, sóyà ni kí ẹ mú, kí ẹ fi ẹ̀wà pea ṣe ìkejì. Ìlànà oúnjẹ ìjọba Amẹ́ríkà fún 2020 sí 2025 sọ ohun kan náà: sóyà tí a ti fi kálísíọ̀mù àti fítámì kún ni wọ́n kà mọ́ wàrà, wọn kò ka ìyókù mọ́ ọn. Àwọn kan ń bẹ̀rù sóyà nítorí òórùn ẹ̀wà inú rẹ̀. Òótọ́ ni, òórùn náà wà, àmọ́ iléeṣẹ́ kan yàtọ̀ sí òmíràn púpọ̀. Ẹ dán bíi méjì tàbí mẹ́ta wò kí ẹ tó kọ̀ ọ́.

Álímọ́ńdì dùn, ó fẹ́lẹ́, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì rà. Èso álímọ́ńdì lóúnjẹ nínú púpọ̀, wàrà rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ páálí, èso náà kò ju bí ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Omi ló kù. Ẹni tó fẹ́ dín kálórì kù lè yàn án láìbẹ̀rù, nítorí ife kan èyí tí kò ní ṣúgà máa ń wà ní 30 sí 40 kálórì, nígbà tí wàrà màlúù ọlọ́ràá ní bíi 150. Ẹ má ṣáà gbé e fún ọmọ pé ó ti mu wàrà.

Ṣúgà tí kò pariwo

Óòtì ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa níbí. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, wọ́n máa ń da ẹ́ńsáìmù sí i kí sítáàṣì óòtì lè tú. Ohun tí sítáàṣì náà ń dà ni ṣúgà tí wọ́n ń pè ní maltose. Òun ló jẹ́ kó dùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu ṣúgà sí i, òun náà ló sì jẹ́ kí páálí lè sọ pé àwọn kò fi ṣúgà kún un kí iye ṣúgà tó wà lẹ́yìn páálí sì tún ga. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ka ìlà yẹn. Óòtì ní okùn oúnjẹ beta-glucan tó ń bá wa dín kọlẹ́sítéróòlù kù, àmọ́ gíráàmù 3 lójúmọ́ ni ara nílò kó tó ṣiṣẹ́, ife kan kò sì lè fún yín tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ gluten, purotéènì inú àlìkámà, gbọ́dọ̀ wá èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò ní gluten, nítorí àlìkámà máa ń dà pọ̀ mọ́ óòtì lóko àti nílé ìlọ̀.

Ti ìrẹsì tún dùn ju ti óòtì lọ, kò sì lóúnjẹ tó o nínú. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ sóyà àti èso bí álímọ́ńdì lápapọ̀ ló wúlò fún jù. Ṣùgbọ́n ìrẹsì máa ń fa májèlé arsenic láti inú ilẹ̀ àti omi, ìdí sì nìyẹn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ní kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní wàrà ìrẹsì.

Àgbọn: ẹ má ṣi ti inú páálí mú fún ti inú agolo. Ti agolo ki, ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń sè. Ti páálí ni wọ́n ti bomi là fún mímu. Irú ọ̀rá tó máa ń dì, tí a ní kí ẹni tí ọ̀rá kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀ àti ẹni tí ọkàn ń dà láàmú dín kù, ló pọ̀ jù nínú ọ̀rá àgbọn.

Kálísíọ̀mù: ẹ gbọ̀n ọ́n

Púpọ̀ jù lọ nínú kálísíọ̀mù inú wàrà irúgbìn, iléeṣẹ́ ló fi í sí i. Mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 100 ni kí ẹ máa wá, òun ló bá ti wàrà màlúù dọ́gba. Ó máa ń rì sísàlẹ̀ bí ìyẹ̀fun, nítorí náà ẹni tí kò bá gbọn páálí rẹ̀ dáadáa ń da kálísíọ̀mù nù pẹ̀lú páálí. Ẹ tún wo fítámì B12, fítámì D àti áyódíìnì. Áyódíìnì ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu pé àwọn páálí tí a kọ organic sí (ìyẹn ohun tí a gbìn láìlo kẹ́míkà oko) ní Yúróòpù kì í sábà ní àfikún kankan, nítorí òfin tó de irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Ti àwọn ọmọdé, mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, wàrà ìyá tàbí wàrà ìkókó tí dókítà fọwọ́ sí ló ni ín. Kò sí èyíkéyìí lórí pẹpẹ yìí tó lè rọ́pò rẹ̀. Láti ọdún kan sí márùn-ún, bí wàrà màlúù kò bá ṣeé ṣe, sóyà tí a fi èròjà kún tí kò sì ní ṣúgà ni àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí.

Nínú ife kọfí, àti lóko

Sóyà máa ń dì nínú kọfí, nítorí kíkan kọfí àti ooru rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kọfí tutù díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wàrà lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó wọ inú rẹ̀. Óòtì ló ń hó dáadáa jù, pàápàá èyí tí wọ́n kọ barista sí, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún kọfí, tí wọ́n fi òróró àti fọ́sífétì díẹ̀ sí kó má bàa dì. Álímọ́ńdì fẹ́lẹ́ jù fún kọfí líle.

Ní ti ayé tó ń gbóná, ìwádìí tí Joseph Poore àti Thomas Nemecek gbé jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì Science lọ́dún 2018 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Lítà kan wàrà màlúù ń gba nǹkan bí omi lítà 628, álímọ́ńdì 371, ìrẹsì 270, óòtì 48, sóyà 28. Ní ti gáàsì tó ń mú ayé gbóná, ti màlúù jẹ́ bíi kílò 3.2, gbogbo àwọn tó kù sì wà láàárín 0.7 sí 1.2. California ni èyí tó pọ̀ jù nínú álímọ́ńdì ayé ti ń wá, ọ̀dá sì máa ń dá níbẹ̀ léraléra. Bí omi bá ká yín lára, sóyà tàbí óòtì ni.

Bí ẹ kò bá rí ọ̀rọ̀ náà «wàrà» lára páálí ní Yúróòpù, ẹ má rò pé ayédèrú ni. Ilé ẹjọ́ gíga Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ní lọ́dún 2017 pé kí wọ́n má fi orúkọ wàrà ta ohun tí kò ti ara ẹran wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ohun mímu.

Nílé tèmi, páálí méjì ló ń wà nínú fìríìjì: sóyà aláìní ṣúgà fún oúnjẹ àárọ̀ àti fún yíyan kéèkì, óòtì kékeré fún kọfí. Mo máa ń kọ ọjọ́ tí mo ṣí wọn sára páálí, nítorí pé tí a bá ti ṣí i, ọ̀pọ̀ wọn kì í ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó kan.