CAGE àbí AUDIT-C: èwo la máa fi bi obìnrin tí ọkọ ń lù nípa ọtí?

CAGE àti AUDIT-C jẹ́ ìbéèrè ṣókí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọtí ti ń di ìṣòro fún èèyàn. CAGE ò ju ìbéèrè 4 lọ: ṣé o ti rò ó rí pé ó yẹ kó o dín ọtí kù, ṣé àwọn tó ń bá ẹ wí torí ọtí ń bí ẹ nínú, ṣé o máa ń dá ara ẹ lẹ́bi, ṣé o máa ń mu ún láàárọ̀ kùtù kí ara ẹ lè balẹ̀. Ó rọrùn láti há sórí lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ìbéèrè kejì yẹn, obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ń pè ní ọ̀mùtí lójoojúmọ́, tó tún ń fìyẹn ṣe àwáwí tó bá ti lù ú tán, tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé ọtí ló ń sọ ni àbí ọkọ? Ẹ̀bi ńkọ́? Wọ́n ti sọ fún un pé gbogbo nǹkan, ẹjọ́ ẹ̀ ni.

AUDIT-C ní tiẹ̀, ìbéèrè 3 péré, inú AUDIT, ìwádìí oníbéèrè 10 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO), ni wọ́n ti yọ ọ́: báwo lo ṣe ń mu ún léraléra tó, kọ́ọ̀pù mélòó lọ́jọ́ tó o bá mu ún, báwo lo ṣe ń mu kọ́ọ̀pù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà léraléra tó. Tí obìnrin bá ti gba máàkì 3 nínú 12, ó yẹ ká wádìí sí i. Òun ni mo fara mọ́, torí ọtí ló ń kà, kì í ka ìtìjú. Àmọ́ kò lè sọ ìdí tó fi ń mu ún, bóyá kó lè rí oorun sùn ni, ẹ̀yin lẹ máa rọra bi í.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í níwájú ọkọ ẹ̀ o.