Lẹ́ǹsì tí ò ní súùmù ló là mí lójú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kámẹ́rà àmọ́ tẹ́ ò mọ nǹkan tí nọ́ńbà orí ẹ̀ ń wí, ẹ sún mọ́bí. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, mi ò mọ sáyẹ́ǹsì kankan, ọdún kan gbáko ni mo fi ń tẹ auto, tí kámẹ́rà ń dá gbogbo ẹ̀ yàn fúnra ẹ̀.

Canon tókunbọ̀ ni mò ń lò, lẹ́ǹsì 18-55mm tó ń súùmù ló bá a wá. Àbúrò mi tó máa ń ya fótò òde ìnáwó ló ní kí n ra lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 STM, èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ó ń súùmù, irọ́ gbuu! Mo fẹ́ dá a padà, àbúrò mi ní "Àǹtí mi, ẹ má dá a padà, ẹ kàn máa rìn sún mọ́ nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ yà tàbí kẹ́ ẹ rìn sẹ́yìn."

Ló bá kọ́ aṣọ kan sẹ́nu ọ̀nà, ó yí kámẹ́rà sí Av, níbi téèyàn ti ń fúnra ẹ̀ yan bí ihò inú lẹ́ǹsì ṣe máa là tó, ó ní kí n yà á ní 1.8, kí n tún yà á ní 8. Ní 1.8, ọ̀kadà tó wà lẹ́yìn aṣọ yọ́ bí òrí, ní 8 mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ka nọ́ńbà ẹ̀. Àṣé nọ́ńbà kékeré ló ń la ihò tó tóbi! Ó ní kí n rántí ojú ológbò, pé nínú òkùnkùn ọmọlójú ẹ̀ á fẹ̀, nínú oòrùn á di tín-ínrín. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Nígbà tí mo wá lo 8 nínú ṣọ́ọ̀bù, kámẹ́rà gbé 1/10 fún mi, ìyẹn ni pé ihò yẹn là fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, fótò wá ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú, àbúrò mi ní kí n má jẹ́ kó lọ́ra ju 1/80 lọ tó bá jẹ́ ọwọ́ ni mo fi gbé e, mo bá gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ iná lára, sí 3200, fótò ò gbọ̀n mọ́ lóòótọ́ àmọ́ àmì wínníwínní bí iyanrìn bo gbogbo aró.

Àléébù lẹ́ǹsì yìí náà wà o. Kì í mú nǹkan tó bá sún mọ́ ọn ju 35cm lọ, nítorí náà ojú abẹ́rẹ́ lára àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ò hàn tó bí mo ṣe fẹ́, tí mo bá sì fẹ́ ya odindi aṣọ, mo máa ń fẹ̀yìn rìn títí dé etí gọ́tà. Ẹ má sì máa fi 1.8 ya ọjà yín ṣáá, oníbàárà kan wo ìṣẹ́po aṣọ tó wà lẹ́yìn, ó bi mí ṣé ó ti ṣá ni! 5.6 ni mo fi ń ya aṣọ báyìí.

Tó bá jẹ́ lẹ́ǹsì tókunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ gbé e sókè síná kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí òwú aláǹtakùn, ebu ni, ẹ gbé e sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.