Họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ní Adó-Èkìtì: ilé dára, ọ́fíìsì ni kò dára

Owó ìbàjẹ́ tí wọ́n kọ sí wa lọ́rùn ló mú mi jókòó kọ eléyìí. Òjò rọ̀, ara ògiri já, wọ́n wá ní kí àwa tí à ń sùn nínú yàrá sanwó rẹ̀.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni ilé-ìwé wa fi ṣe ibùgbé fún àwa obìnrin. (N kò ní dárúkọ ilé-ìwé o, mi ò tíì gba ìwé-ẹ̀rí.) Ẹ mọ irú ilé olówó kòkó bẹ́ẹ̀: òpó róbótó níwájú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ tó la ilé já, òdòdó sìmẹ́ǹtì lórí fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà ló mú ọnà yìí wá sí Èkó. Ọwọ́ wọn náà ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Owó kòkó ló gbé e dé ọ̀dọ̀ tiwa. Tí ẹ bá wò ó láti títì, ẹ ó rò pé búlọ́ọ̀kù ni. Amọ̀ ni, sìmẹ́ǹtì kàn bò ó lójú.

Lóru ọjọ́ yẹn, atẹ́gùn ṣí páànù, omi gba ibẹ̀ wọ ẹ̀yìn pílásítà. Mo kàn gbọ́ gbìì! Odidi òdòdó orí fèrèsé àti pílásítà tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn ti já sórí bẹ́ẹ̀dì ẹnìkejì mi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó lọ kàwé. Mo sáré lọ pe pọ́tà. Bọ̀dá tan tọ́ọ̀ṣì sí bẹ́ẹ̀dì, ó tàn án sí mi lójú, ó ní, “Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì sábẹ́ fèrèsé?” Àwọn gan-an ló kan bẹ́ẹ̀dì náà mọ́lẹ̀! Ìṣó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá màtírọ́ọ̀nù. “Mọ̀mí, ògiri ló dédé já.” “Ògiri kì í dédé já, ọmọ mi. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì.” Ní ọ́fíìsì, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó ba nǹkan jẹ́, mo kọ “òjò”. Akọ̀wé fa igi lé e, ó kọ nọ́ńbà yàrá wa síbẹ̀, ó tún fi rúlà fa ìlà sí i nídìí. A sanwó.

Bàbá bíríkìlà tí wọ́n rán wá ló tù mí nínú. “Ọmọ mi, sún mọ́ ibí.” Ó ti ìka bọ ara ògiri, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó ní amọ̀ gbọ́dọ̀ máa gbẹ síta, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tún ilé náà ṣe ń kó sìmẹ́ǹtì tó nípọn lé e. Tó bá ti sán, omi á ráyè wọlé, kò ní ráyè jáde. Ògiri náà fẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan! Abájọ tí yàrá wa fi ń tutù nínú ooru oṣù kẹta, tí àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì tuntun ń da omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó lè sùn. Bàbá jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ó po amọ̀ pupa mọ́ yanrìn àti sìmẹ́ǹtì táṣẹ́rẹ́, ó fi rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó wá fi ṣíbí àti àjákù páànù ya òdòdó náà padà, ó ń yọjú wo ti fèrèsé kejì. Tirẹ̀ sanra díẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Pọ́tà yẹn kan náà ló di àkàbà mú fún un títí tó fi parí, ó tún ra omi fún un.

Mo gbọ́ pé ọ́fíìsì fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ gbogbo òdòdó tó kù dànù, kí ara ilé lè tẹ́jú. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ ti dé London láti 1924. Èyí tó kù nílé, òòlù ni wọ́n fẹ́ fi kí i.

Máàkì tí mo fún ilé náà: mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Wọn ò tíì dá owó wa padà. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ibẹ̀, ẹ bèèrè yàrá òkè, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ògiri lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́.